Àrokò Tí Iṣan Ń Fi Ránṣẹ́ sí Ẹran Ara

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọyẹ́ alẹ́ yìí kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ìwọ tó o fara ti ògiri, fa àpótí rẹ wá síwájú. Ẹ ti igi yẹn bọ iná díẹ̀ sí i. Ìtàn Ìjàpá tí ẹ ń bèèrè, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, ojú ayé ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn tún un ṣe níbòmíràn, ohun kan náà ni wọ́n bá. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun ìyanu tí mo ti gbọ́ rí, mi ò tíì gbọ́ èyí tó jù ú lọ.

Orí tata la ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yín: tata aláràbarà tó máa ń bo ewé ẹ̀gẹ́ wa, tó tún ń pọ̀ lórí ewé Akíntọ́lá lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Mọníyà lọ sí Ìsẹ́yìn. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni ọmọ rẹ̀ ń yọ láti inú ilẹ̀. Kó tó di oṣù kẹta, ó ti dàgbà, ó sì ti jẹ oko ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan sí ìhòòhò. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ló ń yé ẹyin sínú ilẹ̀ níbi tí ibòji bá wà, ẹyin náà á sì wà níbẹ̀ títí òjò ọdún yóò fi rọ̀ tán.

Ẹ ti jí lọ sóko rí ní ìdájí ọyẹ́. Ẹ ti rí i bí tata ṣe máa ń so mọ́ ṣóńṣó ewé, tí ẹ ó máa fi ọwọ́ ṣà á sínú korobá, tí kò ní fò. Ẹ dúró di ìgbà tí oòrùn bá yọ dáadáa, kí ẹ wá na ọwọ́ sí i. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ó ti lọ.

Kí ló wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀?

Lọ́la, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Itan rẹ̀ sanra lókè, ó tín-ín-rín níbi orúnkún. Ojúgun rẹ̀ gùn, ẹ̀gún sì tò sí i lára ní ìlà méjì. Ẹran tó ń na ojúgun yẹn síta ló kún inú itan náà, iṣan ló sì ń pàṣẹ fún un. Iṣan tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ o, fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ wá sínú ẹran ara ni. Nínú itan tiwa, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ẹran ńlá kan ṣoṣo. Mélòó ni ẹ rò pé ó wọ ẹran itan eṣú aṣálẹ̀, ìbátan tata, èyí tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò fínnífínní jù?

Mẹ́rin péré ni.

Ọ̀kan wà fún kíákíá: bí eṣú bá fẹ́ fò tàbí kó ta nípàá, òun ló ń ké. Ìkejì wà fún pẹ̀lẹ́: nígbà tó bá ń rìn tàbí tó dúró lórí ewé, òun ló ń ṣiṣẹ́. Ìkẹta ń sọ pé kí ẹran náà dẹ̀. Ìkẹrin ní tirẹ̀ kì í pàṣẹ pé kó fò tàbí kó dúró. Ṣe ló ń yí bí ẹran náà ṣe máa gba àṣẹ àwọn yòókù padà. Fọ́nrán mẹ́rin yìí ni eṣú fi ń rìn, tó fi ń gun ewé, tó fi ń sá fún ẹyẹ.

Nígbà tó bá fẹ́ fò, ẹran tó ń ká ẹsẹ̀ àti ẹran tó ń nà án á kọ́kọ́ fa ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ náà kò ní tíì kúrò lójú kan, àmọ́ agbára á máa kó jọ sínú èèpo líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, èèpo náà á tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹran tó ń ká ẹsẹ̀ á dẹ̀ lójijì, agbára náà á sì tú jáde ní nǹkan bí ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Bennet-Clark ló ṣírò agbára yìí ní ọdún 1975.

Gbogbo ayé ló ń yin fífò yìí, ó sì tọ́ sí i. Èmi o, dídúró ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ ronú sí i: kòkòrò kan so mọ́ ewé láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jáwọ́. Àṣẹ tí iṣan ń pa kì í pẹ́ rárá. Kó tó dé ló ti kọjá lọ. Kí ló wá ń jẹ́ kí ẹran ara di ohun tó dì mú mú?

Kí n tó dáhùn, mo ní láti sọ bí iṣan ṣe ń bá ẹran ara sọ̀rọ̀. Wọn kì í fara kan ara wọn pátápátá. Àlàfo kan wà láàárín wọn tí ojú kò lè rí. Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ ń jiyàn: àwọn kan ní iná mànàmáná ló ń fò kọjá àlàfo náà, àwọn kan ní èròjà kan ni iṣan ń tú síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria tí ń jẹ́ Otto Loewi. Lóru ọjọ́ kan, ó lá àlá. Nínú àlá náà ló ti rí bí òun ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó jí, ó kọ nǹkan sórí ìwé pélébé kan, ó tún sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ! Ó fi gbogbo ọjọ́ náà ronú, kò rántí. Lóru ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àlá náà padà wá. Kò dúró kọ nǹkan kan mọ́. Ó dìde, ó gba ibi iṣẹ́ lọ lóru yẹn.

Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì ló lò, tí wọ́n ṣì ń lù kìkì nínú omi iyọ̀. Ó ta iṣan tó ń mú ọkàn rọra lù jí lára èkíní, ọkàn náà sì rọra ń lù. Ó fa omi tó wà lára rẹ̀, ó dà á sí ìkejì, èyí tí kò fọwọ́ kan iṣan rẹ̀ rárá. Ìkejì náà rọra ń lù. Inú omi ni ọ̀rọ̀ náà wà! Ní 1921 ló gbé ìwé rẹ̀ jáde. Èròjà tó wà nínú omi náà la ń pè ní acetylcholine lónìí, òun náà sì ni iṣan wa fi ń pàṣẹ fún ẹran apá àti ẹran ẹsẹ̀ wa. Loewi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Henry Dale. Ẹ mú orúkọ Dale yẹn lọ́wọ́, a ó padà sí i. Nígbà tí àwọn Násì gba Austria ní 1938, wọ́n ju Loewi sí àtìmọ́lé nítorí pé Júù ni, wọ́n sì gba owó ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Àṣẹ nìyẹn. Ó yá, ẹ gbọ́ ìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àrokò. Bí ọba tàbí balógun bá rán ìránṣẹ́ nígbà náà, ìránṣẹ́ á fi ẹnu jẹ́ iṣẹ́, àmọ́ ohun kan á tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ okùn. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú síra wọn, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n rán an sí á wo àrokò náà, ìgbà náà ni yóò tó mọ bí òun ṣe máa gbọ́ ohun tí ìránṣẹ́ wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan ń ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èròjà tó ń pàṣẹ, ọ̀pọ̀ iṣan tún máa ń tú ohun kékeré kan jáde, tí a fi ẹyọ kéékèèké bíi mélòó kan tí ń jẹ́ amino acid sín sórí okùn kan ṣoṣo. Neuropeptide ni orúkọ rẹ̀. Iye ẹyọ tó wà lórí okùn náà àti bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí a bá yí ipò ẹyọ kan padà, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹran ara kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ti kòkòrò tí wọ́n kọ́kọ́ tú ní àtúpalẹ̀, ara aáyán ni wọ́n ti rí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Aáyán ńlá tó máa ń sá jáde nínú ṣaláńgá ni mo ń wí. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e kọjá òkun. Àwọn ọkùnrin méjì tí ń jẹ́ Brown àti Starratt ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tí ń jẹ́ London, tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà ló wà. Láti 1967 ni Brown ti ṣàkíyèsí pé ohun kan wà nínú iṣan tó lọ sí ìdí ìfun aáyán tó ń mú kí ẹran ìfun náà fún pọ̀. Kí ni ohun náà? Ó kéré débi pé wọn kò rí i mú.

Ẹ wá wo sùúrù. Wọ́n kó aáyán 125,000 jọ. Ìwọ̀n wọn tó 125 kílò. Wọ́n lọ̀ wọ́n, wọ́n sẹ́ wọn, wọ́n tún sẹ́ wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn jẹ́ 180 máíkírógíráàmù, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílígíráàmù kan ṣoṣo. Bí mo bá dà á sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ lè má rí i. Nínú èyí ni wọ́n ti ka àrokò náà ní 1975: ẹyọ márùn-ún ló wà lórí okùn rẹ̀, arginine, tyrosine, leucine, proline, threonine, bí wọ́n ṣe tò gan-an nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ ní proctolin.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dénú kò ní dúró sórí ìfun. Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Michael O'Shea àti Michael Adams, wá a dé ẹsẹ̀ aáyán. Iṣan pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ti bá a, iṣan tó wà fún dídúró. Ní 1983, wọ́n fi hàn pé iṣan kan ṣoṣo yìí ń fi ọ̀nà méjì sọ̀rọ̀. Èròjà àṣẹ rẹ̀ á kọ́kọ́ dé, ẹran á fà lójú ẹsẹ̀, á sì dẹ̀. Proctolin á dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ariwo kankan, ẹran náà á rọra le, á sì le bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n ta iṣan náà jí léraléra títí proctolin inú rẹ̀ fi tán, àṣẹ ṣì ń lọ, ẹran ṣì ń fà ní kíá, àmọ́ kò lè di nǹkan mú mọ́. Ní 1985, wọ́n bá proctolin yìí kan náà nínú iṣan pẹ̀lẹ́ tó wọ itan eṣú, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹran ara ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́: àṣẹ kékeré tí kò lágbára, bí àrokò bá bá a wá, ẹran á fi gbogbo ara jẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ ọ. O ní ṣé ó wà lára ènìyàn. Proctolin jẹ́ ti kòkòrò àti àwọn ìbátan wọn bí akàn àti edé. Tiwa yàtọ̀, ó sì pọ̀. Ní 1931, àwọn onímọ̀ méjì tí ń jẹ́ von Euler àti Gaddum rí ọ̀kan nínú ọpọlọ àti ìfun ẹṣin, substance P ni wọ́n pè é. Ó ń mú kí ẹran ìfun fún. Òmíràn wà tí ń jẹ́ CGRP, ẹyọ 37 ló wà lórí okùn rẹ̀. Iṣan tó ń lọ sí ẹran apá àti ẹsẹ̀ wa ń tú u jáde pẹ̀lú acetylcholine, ó sì ń mú kí ẹran ara ṣe ojúlé púpọ̀ sí i tí acetylcholine ń gbà wọlé. Mi ò ní dúró lórí wọn. Èyí tó kan gbogbo agbo ilé ní Mọníyà yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Tata yẹn, nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin ní oṣù kẹta, kí ló ń ti ẹyin náà jáde? Àwọn onímọ̀ yẹ ojú ọ̀nà ẹyin eṣú wò, proctolin ni wọ́n tún bá nínú iṣan tó wọ ibẹ̀, ó ń mú kí ẹran ibẹ̀ fún pọ̀. Ìyá yín náà, nígbà tó bí yín, àrokò kan ló ti yín jáde. Oxytocin ni. Ẹyọ mẹ́sàn-án ló wà lórí okùn tirẹ̀.

Dale tí mo ní kí ẹ mú lọ́wọ́, òun ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1906. Ó mú omi inú ẹṣẹ́ kan tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ màlúù, ó fi sára ilé-ọmọ ológbò, ilé-ọmọ náà sì fún pọ̀ gidigidi. Ní 1953, Vincent du Vigneaud ní Amẹ́ríkà ka ẹyọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sín òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Òun ni neuropeptide àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ṣe, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ lé e ní 1955.

Inú ọpọlọ ni iṣan kan ti ń ṣe oxytocin. Kì í tú u sára ẹran tààrà bíi ti eṣú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u sí, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ilé-ọmọ. Bí orí ọmọ bá ṣe ń tẹ ẹnu ilé-ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ń padà sí ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń tú òmíràn sí i. Ilé-ọmọ náà ti ń múra sílẹ̀: bí oyún bá ṣe ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ojúlé tó ń gba oxytocin ń pọ̀ sí i lára rẹ̀. Bí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú, oxytocin kan náà ló ń fún àwọn ẹran tín-ín-tìn-ìn-tín tó yí àpò wàrà ká. Ẹ ti rí ìyálọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ sunkún ní yàrá, tí òun wà lẹ́yìnkùlé, tí wàrà sì rin bùbá rẹ̀. Ọmọ kò tíì fẹnu kan ọmú! Igbe lásán ló gba etí wọlé, tó di àrokò nínú ọpọlọ.

Àmọ́ iṣẹ́ oxytocin tó le jù, ẹ̀yìn ìbímọ ló wà. Nígbà tí ibi ọmọ bá já kúrò, ojú ẹ̀jẹ̀ á ṣí sílẹ̀ lára ògiri ilé-ọmọ. Ohun tó ń pa á dé ni ẹran ilé-ọmọ fúnra rẹ̀, tó ń fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà pa. Ó gbọ́dọ̀ fún, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní fífún. Bí ó bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ilé á ṣàn tán sórí ẹní kí àwọn ará ilé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yìí wà lára ohun tó ń pa ìyá jù ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún ìyálọ́mọ ní abẹ́rẹ́ oxytocin kété tí ọmọ bá ti jáde. Ní 2023, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n lò ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ onídíwọ̀n gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ iye tó ń jáde, tí wọ́n ń wọ́ ilé-ọmọ, tí wọ́n ń fún ìyá ní oxytocin àti àwọn ìtọ́jú yòókù lẹ́ẹ̀kan náà láìfi falẹ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ tó lágbára, iṣẹ́ abẹ tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀ fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù.

Okùn ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án yìí kò fẹ́ràn ooru. Bí ìgò rẹ̀ bá wà lórí pẹpẹ nínú yàrá gbígbóná fún ìgbà pípẹ́, ó máa bàjẹ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fi gún ni kò ní lágbára tó yẹ. Láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà, inú fíríìjì nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe níhìn-ín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà gún aboyún ní oxytocin kí ọmọ tó jáde, pé òun fẹ́ kí ìrọbí yá. Bí ó bá pọ̀ jù, ilé-ọmọ lè ya.

Ìwọ tí ìyàwó rẹ máa bímọ lẹ́yìn ọyẹ́ yìí, gbé e lọ síbi tó ti forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Kí àgbẹ̀bí káàárọ̀, kí o sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ẹ ń kó oxytocin sí, kí ni ẹ sì ń ṣe nígbà tí iná bá lọ?" Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wá bá mi. A ó jọ kó owó jọ ládùúgbò yìí, a ó ra kúlà àti yìnyín fún wọn.